Ìjókòó Àárín Ọkọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n, tí mo ṣì máa ń wá ní ìdí ọkọ̀ nígbàkígbà tí mo bá bojú wẹ̀yìn,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ òní nìyí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Mo rí ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ọ̀sà. Mo rí ewéko tuntun kan tó ń léfòó, tó ní òdòdó àwọ̀ àlùkò, tó ń ti ìhà Àjàṣẹ́ wá. Ẹ̀yin ò bá a láyé, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gbogbo ẹnu èbúté. Mo rí lékeléke kan tó dúró lórí ẹ́ńjìnnì yín, èyí tí ẹ rà nígbà ayé owó epo, tó ti ń dípẹtà lábẹ́ igi àgbọn látìgbà tí a ò ti rí páàtì rẹ̀ rà mọ́. Mo rí Ìyá Alágbọn tó ń di ẹnu àpò rẹ̀. Mo rí ayùn ńlá kan tí wọ́n fi àpò ìrẹsì wé, ó fara ti igi, ẹni tó ni ín ti lọ wá nǹkan jẹ. Mo sì rí ọkọ̀ yín lórí omi, iwájú àti ìdí rẹ̀ dọ́gba gẹ́lẹ́, torí kò tíì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ayùn yẹn àti ọkọ̀ yẹn ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Wọ́n fẹ́ gé ọkọ̀ yín lónìí, Bàbá. Wọn ò gé e mọ́. Ẹ fara balẹ̀, màá sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, àmọ́ ó di dandan kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ ò mọ̀ nípa mi.

Ara mi ò yá lẹ́yìn tí ẹ lọ. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe inú rírun. Orí mi ni. Mo ti parí ilé-ìwé girama nígbà náà, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Gberefu, mò ń sọdá lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀ yín. Oorun ló kọ́kọ́ kúrò lójú mi. Mo máa ń dúró sí etí ọ̀sà títí ilẹ̀ á fi mọ́, mi ò ní dùbúlẹ̀ rárá. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn. Inú omi ló ti ń wá. Ó ń sọ fún mi pé abẹ́ ọkọ̀ lẹ wà, pé ẹ ń dúró dè mí, pé mò ń pẹ́ jù. Ṣé ẹ̀yin lẹ? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi okùn so mí mọ́ igi iwájú ọkọ̀ kí n má baà já sómi nígbà tí mo kéré, báwo lẹ ṣe máa wá pè mí wọnú rẹ̀? Àmọ́ nígbà náà mo gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan, tèmi ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, mo rìn wọ inú ọ̀sà. Bọ̀dá Mautín, ọmọ iṣẹ́ yín tó jogún àjẹ̀ yín, ló fi irun orí fà mí jáde.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn ò balẹ̀, lọ́nà Èkó. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí ni bóyá wọ́n dè mí. Wọn ò dè mí. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, mo sùn, nígbà tí mo jí wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró kan, òun náà ni mò ń lò lálaalẹ́ títí di òní. Ohùn yẹn kọ́kọ́ rẹlẹ̀ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jí, tí mo gbọ́ adìyẹ, tí mo gbọ́ omi, tí mi ò gbọ́ nǹkan míì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kan, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú nìkan, sọ fún mi pé kí n máa kíyè sí aago tí mo bá dùbúlẹ̀, torí oorun ni yóò kọ́kọ́ sọ fún mi bí nǹkan bá tún fẹ́ bàjẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá padà lọ, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn.

Oògùn náà gbà mí, Bàbá. Ó sì mú mi sanra.

Mi ò sọ pé mo sanra díẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ òkun lè gbé mi lọ sí Kútọ̀nù, bí mo bá bá yín pàdé lónìí, ẹ lè kí mi ní ẹ kú àárọ̀ ìyá, kí ẹ kọjá. Ebi tí oògùn yẹn máa ń dá sílẹ̀ kì í ṣe irú ebi tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo lè jẹ ẹ̀bà tán, kí n fọ àwo, kí n tún máa wo ìkòkò bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀nà. Búbà mi kò wọ̀ mí mọ́. Òrùka tí ẹ rà fún mi nígbà tí mo yege ìdánwò ti há sí ìka mi, mo fi ọṣẹ yọ ọ́, ó wà nínú àpótí báyìí. Mo bi dókítà bóyá èmi ni mò ń ṣe wọ̀bìà. Ó ní rárá, oògùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, pé kí n máa rìn dáadáa, kí n dín gààrí alẹ́ kù, pé òun máa rọra dín oògùn náà kù bí àkókò bá tó, àmọ́ kí n má ṣe fi ọwọ́ ara mi dá a dúró. Mò ń rìn. Mo ti dín gààrí kù. Ara náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ mọ ìlú wa. Ẹni tó bá sanra lẹ́yìn àìsàn, ńṣe ni wọ́n á máa bá a yọ̀. Àwọn obìnrin èbúté ń kí mi kú oríire. Àwọn kan ní ọ̀gá kan lára àwọn tó ń ṣe títì márosẹ̀ ni mò ń bá jẹun. Arábìnrin yín, Tányì wa, bí àwa Ègùn ṣe ń pe arábìnrin bàbá ẹni, tiẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Látìgbà tí ìyá mi ti kú ló ti ń tọ́ mi, ó sì rò pé ojú òun ò lè tan òun jẹ. Ó wò mí níkùn fún odindi oṣù kan láìsọ̀rọ̀. Ó wá ra ọ̀já tuntun, olómi aró, ó ká a sórí ibùsùn mi, ó jókòó tì í, ó ní kí n kàn dárúkọ ẹni tó ni ín, òun ò ní bínú. Nígbà tí mo sọ fún un pé oògùn ló ni ín, ó wò mí bíi pé mo dárúkọ ọmọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Àtìgbà yẹn ló ti di ọ̀tá oògùn. Kì í ṣe ìkà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó kàn gbà pé ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá kì í tún lo oògùn. Ó ní ohùn ti lọ, kí ni mo tún ń lé? Ó ní ara yìí kò ní jẹ́ kí ọkùnrin kankan mọ̀ pé ọmọge ni mí. Mò ń lo oògùn mi lọ.

Ó kan ọkọ̀ báyìí.

Mo rántí bí ẹ ṣe ń to èrò. Ẹ kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ óò dúró nínú omi tó mù yín dé orúnkún, ẹ óò máa wo ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti orí bèbè, kó tó dé ọ̀dọ̀ yín ẹ ti mọ ibi tó máa jókòó sí. Àwọn tín-ín-rín ní iwájú, ẹrù àti àwọn tó tóbi láàárín, àwọn géńdé sún mọ́ yín ní ìdí. Ẹ ò pe ẹnikẹ́ni ní ọlọ́ràá rí. Bí obìnrin tó wúwo bá dé, ẹ óò na ọwọ́ sí i, ẹ óò ní, "Ìyá, ẹ wá bá mi mú ọkọ̀ dúró." Obìnrin náà á sì wọlé bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé nǹkan ńlá lẹ ń ṣe. Ta ló kọ́ yín? Mi ò bi yín rí.

Iwájú pátápátá ni tèmi. Ẹ máa ń fi èèpo àgbọn sábẹ́ ìdí mi kí igi má baà dùn mí. Nígbà tí mo dàgbà ẹ tú okùn, àmọ́ ibẹ̀ náà ni mò ń jókòó, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Gberefu láti fa ọkọ̀ gúnlẹ̀. Gbogbo èrò ló mọ̀ pé iwájú jẹ́ ti ọmọ ọlọ́kọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, lẹ́yìn tí mo ti ilé-ìwòsàn dé pàápàá, kò sí ẹni tó sọ pé kí n kúrò níbẹ̀.

Lásìkò òjò tó kọjá, ọkọ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi. Ní gbogbo àárọ̀, ká tó dé àárín ọ̀sà, omi á ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa. Ìyá Alágbọn á máa gbọ́n omi, á máa ṣépè fún ẹja. Bọ̀dá Mautín fa ọkọ̀ sórí ilẹ̀, ó fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ibi tó lanu. Omi tún wọlé. Wọ́n ní igi ti gbó. Wọ́n ní ewéko yẹn ló ń họ ìdí ọkọ̀. Àwọn èrò ń sá lọ sínú ọkọ̀ ẹlòmíì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tányì àti Bọ̀dá Mautín jókòó, wọ́n fẹnu kò pé kí agégi wá lónìí, kó gé e sí wẹ́wẹ́ fún igi ìyanja.

Mo gbọ́ ọ látinú yàrá. Ọkọ̀ tí ẹ fi tọ́ mi, igi ìyanja. Mi ò sunkún. Mo ronú.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń dán ọkọ̀ wò? Ẹ óò bu iyanrìn funfun gbígbẹ láti etí òkun, ẹ óò fọ́n ọn sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti iwájú dé ìdí, ẹ óò wá fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí omi láìsí èrò. Ibi tó bá ń jò, iyanrìn ibẹ̀ á dúdú. Lọ́jọ́ Sunday tí gbogbo wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í títí oòrùn fi yípadà. Iyanrìn náà funfun bí mo ṣe fọ́n ọn.

Ọkọ̀ yín ò jò, Bàbá.

Lọ́jọ́ Monday mo ní kí wọ́n máa lọ, pé èmi á dúró de ọkọ̀ kejì. Mo dúró lórí bèbè, mo wò wọ́n. Iwájú ọkọ̀ gbé orí sókè dáadáa, ó ń la ìgbì kọjá. Nígbà tó padà wá, mo wọlé, mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, mo wá wo ẹ̀gbẹ́ mi nísàlẹ̀. Omi ti sún mọ́ etí ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fi ìka kàn án láìtẹ̀. Ìgbì kékeré kan dé, ó rọra gba etí ọkọ̀ wọlé, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Èmi ni. Èmi ni mò ń rì í.

Mo jókòó pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn ní gbogbo ọjọ́ náà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo fi hóró oògùn sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mi ò gbé e sẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mo rò ó pé bí mo bá fi í sílẹ̀, ara yìí á fò lọ, màá tún di ọmọ yín tó fúyẹ́, tó ń jókòó síwájú, ẹnikẹ́ni ò ní gé nǹkan kan. Tányì á sì dunnú. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Mo wá gbọ́ omi tó ń lu èbúté, omi lásán, kò pe orúkọ mi. Mo rò ó pé ìdákẹ́jẹ́ yìí, ohun tó wà lọ́wọ́ mi ló mú un wá. Bí mo bá fúyẹ́, tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ńkọ́? Ta ló máa wà nítòsí láti fa irun mi? Mo gbé oògùn náà mì. Mo mu omi lé e. Ìjókòó ni mo máa yí padà, mi ò ní yí oògùn padà.

Ohun tó ṣòro ni láti sọ ọ́. Ẹ mọ̀ mí. Nílé-ìwé, tíṣà máa ń kọ ọ́ síwèé mi pé n kì í sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ òní, gbogbo èrò ti wà létí omi. Agégi ti dé, ó ń tú àpò lára ayùn, ó ní ká ṣe kíá, ìgbà kan péré ni ọkọ̀ yìí tún máa sọdá. Tányì náà wà níbẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe máa gé e. Bọ̀dá Mautín dúró nínú omi bíi tiyín, ó di iwájú ọkọ̀ mú fún mi kí n gun orí igi mi. Mi ò gùn ún. Mo ní:

"Bọ̀dá, ọkọ̀ yìí ò jò. Èmi ni mo wúwo jù fún iwájú. Oògùn mi ló mú mi sanra, mi ò sì ní fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sáàárín."

Mo rí Tányì tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bọ̀dá Mautín ò wojú mi, omi ló ń wò. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, pé òun ti mọ̀ láti ìgbà òjò. Ó ní ta lòun tí òun ò fi ní mọ̀, ṣebí ọwọ́ Bàbá lòun ti kọ́ṣẹ́. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún mi tí mi ò fi ní tún rìn wọ inú omi. Òun ti bá àwọn agbẹ́kọ̀ Àjídò sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n gbẹ́ ọkọ̀ míì tí iwájú rẹ̀ gbòòrò, kí n lè máa jókòó sí àyè mi.

Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá? Wọ́n fẹ́ gé odindi ọkọ̀ nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún mi pé mo sanra. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín. Ìyá Alágbọn ló bá mi yàn. Ó ti jókòó sáàárín, ó sún ìdí, ó ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òun jàre, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí òun nìkan ti ń mú ọkọ̀ dúró láàárín, kò sì sẹ́ni tó fún òun ní ọmọ ẹ̀yìn. Ó ní àsìkò tiẹ̀ tó tí tíṣà máa wá kọ́ iṣẹ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Agégi pàápàá rẹ́rìn-ín, tòun ti ayùn lọ́wọ́.

Nígbà náà ni Bọ̀dá Mautín na ọwọ́ sí mi. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò yàtọ̀.

"Tíṣà, ẹ wá bá mi mú ọkọ̀ dúró."

Mo wọlé. Mo jókòó. Ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lọ síwájú, ó di igi mú bíi pé yóò fò. A sọdá. Mo ń wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, mo wò ó títí a fi dé Gberefu. Ó gbẹ. Ìyá Alágbọn gbé kóńgò tó fi ń gbọ́n omi sókè, ó fi hàn wọ́n, ó ní kí ẹni tó bá nílò ife omi wá gbà á.

Láti àárín, ọ̀sà ò rí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ní iwájú, omi nìkan ni mo máa ń rí. Ní àárín, ẹ̀yìn àwọn èèyàn ni mo ń rí, apá ẹlòmíì ń kan apá mi, ìgbì dé a sì fì pa pọ̀. Ṣé ohun tí àwọn ìyá yẹn ń mọ̀ lára nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jókòó bí ayaba?

Ayùn náà ò padà lásán. Nígbà tí mo ti ilé-ìwé dé ní ọ̀sán, agégi ti fi gé pákó tuntun fún ìjókòó àárín, ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, èmi àti Ìyá Alágbọn gbà á láìfún ara wa. Ó ṣì ń rùn bí igi tútù.

Nírọ̀lẹ́ ni mo tó rí Tányì. Mo bá a níwájú ìlẹ̀kùn, ó tú ìránṣọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì aṣọ iṣẹ́ mi, ó ń fi aṣọ kan dí i kó lè fẹ̀. Mo wò ó dáadáa, ọ̀já olómi aró yẹn ni. Ó ti gé e sí méjì. Ó ní kí n dúró, ó wọ̀n ọ́n sí mi lára, ó ní ó bá mi mu. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó gbé ife omi kan wá, ó gbé e ka iwájú mi, ó jókòó títí mo fi lo oògùn mi, ó gba ife náà padà. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ọmọ ilé yín ni wá.

Bóyá ara yìí á dín kù bí dókítà bá dín oògùn kù. Bóyá kò ní dín. Mo fẹ́ kó dín kù, mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ tún wọ òrùka yín. Àmọ́ bó bá jẹ́ bó ṣe wà yìí náà ni mo máa ṣe gbó, mo ti mọ ibi tí mo máa jókòó sí. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí: ẹ ò na ọwọ́ yẹn sí mi fúnra yín. Ǹjẹ́ ẹ ì bá dá mi mọ̀ láti orí bèbè, kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín?

Mo rò pé ẹ ì bá dá mi mọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó ti kúrò níwájú, tó ń bá yín mú ọkọ̀ dúró, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Mo ti dùbúlẹ̀ kí n tó kọ ìlà yìí. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú márùn-ún.